Ojú Tí Mùsílíù Fi Ń Rí Wáyà

Ẹni tó bá ní owú kò dára, kó kọ́kọ́ lọ fẹ́ ọkọ, kó bá a jìyà, kó bá a jọlá, kí ọkọ náà wá jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kó ní, “Ìyá Ràmọ́tà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ.” Ìgbà náà ni kó wá máa wàásù fún mi. Èmi Kúbúrátù, ìyàwó Mùsílíù ríwáyà, mò ń jowú. Mo jowú débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi gbé e.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń jowú lé lórí, torí kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń rò. Ọ̀rọ̀ yàrá kọ́. Ọkùnrin tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó máa gbé e lọ.

Ojú rẹ̀ ni. Mùsílíù ọkọ mi kì í dá àwọ̀ mọ̀. Kò fọ́jú o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú iyanrìn, ó lè bá yín wá a rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó tàtàsé pupa àti ẹ̀fọ́ tútù síwájú rẹ̀, bákan náà ló ń rí wọn. Pupa, àwọ̀ ewé, búráùn, ẹrẹ̀ ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wáyà mọ́tò ló yàn láàyò, iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ wáyà tó ń bọ̀ láti ìdí bátìrì yàtọ̀ sí èyí tó ń lọ sí iná ẹ̀yìn. Ẹ ò rí nǹkan bí?

A ò tíì pẹ́ tí a fẹ́ra nígbà tí mo mọ̀. Mo rán an ní tòmáàtì tó pọ́n, ó kó èyí tó tutù yọ̀yọ̀ wá fún mi, ó sì ń yangàn pé òun fọwọ́ ara òun ṣa á. Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn, gílóòbù kékeré lòun fi ń tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí òun ó fi mọ ibi tó ń lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun bá parí iṣẹ́ lọ́sàn-án, òun á ṣì wà nídìí tòun nírọ̀lẹ́. Ó ní bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ ọ péré, òun ti jẹun tán nílùú Ìjẹ̀bú-Òde. Ta ló máa gbé mọ́tò fún ríwáyà tí kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé?

Ọjọ́ yẹn ni mo di ojú rẹ̀. Mo gbé agbada ọ̀jọ̀jọ̀ mi kúrò níwájú ilé, mo gbé e lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. A fi orúkọ oúnjẹ sọ wáyà. Pupa ni ata. Àwọ̀ ewé ni ẹ̀fọ́. Búráùn ni ẹ̀wà. Bó bá di wáyà kan mú tí kò dá a lójú, á ké láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pé, “Ìyá Ràmọ́tà, kí ló wà nínú ìkòkò?” Èmi á dìde bí ẹni tó fẹ́ na ẹ̀yìn, màá rìn kọjá létí mọ́tò, màá fojú kàn án, màá ní, “Ẹ̀wà ni o.” Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá Ríwáyà, ikùn yín yìí máa pa yín!” Kì í gba ọmọṣẹ́. Wọ́n ní ahun ni, pé kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ iṣẹ́. A jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ohun tí mo ní nìyẹn. Àwọn obìnrin kan ní ilé, àwọn kan ní góòlù lọ́rùn. Èmi ní ojú ọkọ mi, a sì jọ ń fi í jẹun.

Ọ̀rọ̀ tó wá fẹ́ bá mi sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé òun fẹ́ fẹ́ Wòsílátù. Aránṣọ ni Wòsílátù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa. Ọmọ náà rẹwà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bó bá ń kọjá, á kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á kan ilẹ̀, á ní, “Ẹ kú iná o, Ìyá mi.” Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní aláfojúdi ni, ǹ bá rí ohun tí mo máa fi bá a jà.

Mi ò sunkún. Mo ní, “Bàbá Ràmọ́tà, ẹ̀sìn gbà yín láàyè, èmi náà gbà yín láàyè. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú yín yìí, ẹ má sọ ọ́ fún un láé. Ẹ fún un ní ohun gbogbo tó kù. Èyí, tèmi ni.”

Ó lọ gbé Kùránì, ó gbọ́wọ́ lé e, ó búra pé òun ò ní sọ ọ́ fún Wòsílátù títí òun ó fi wọ sàárè. Mo sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Kò pẹ́ sí àkókò náà ni Pápá Frederick gbé mọ́tò rẹ̀ dé. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni Pápá, ará Ibefun, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Morris kékeré dúdú kan báyìí ni mọ́tò náà, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ mìíràn lọ. Ọdún tí àwọn sójà tún gba ìjọba yẹn ni, tí gbogbo wa ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ àti ìrẹsì, kò sẹ́ni tó ń ronú mọ́tò tuntun. Eyín tó wà lẹ́nu là ń fi jẹun.

Dáínámò tó ń ṣe iná fún mọ́tò náà ti darúgbó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iná iwájú rẹ̀ kì í ju ti àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀.

Pápá ní, “Mùsílíù, yọ dáínámò yìí fún mi, kí o fi ọ́tanétọ̀ ìgbàlódé sí i. Mo fẹ́ máa tan iná dé Ibefun láìjẹ́ pé mo ń ka Sáàmù lójú ọ̀nà.”

Ọkọ mi ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yíyàn ni, pé kì í ṣe gbogbo ọ́tanétọ̀ ló bá irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ mu.

Pápá wá rẹ́rìn-ín. “Mo gbọ́ pé ò ń gbé ìyàwó. Bí iná yìí bá tàn bí mo ṣe fẹ́, mọ́tò yìí ni màá fi gbé e wá fún ọ láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.”

Èmi sì rèé tí mo jókòó bí igi. Mi ò mọ̀ bóyá Pápá gbàgbé pé mo wà níbẹ̀ ni tàbí kò rí mi sí. Èmi tí wọ́n gbé wá sílé ọkọ láti Ìjagun lórí ẹrù gbágùúdá! Ọ̀jọ̀jọ̀ tó wà lórí iná jóná mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì kó o fún ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ yan ọ́tanétọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ara mọ́tò lẹ́yìn gáréèjì. Mo ní “a”. Èmi àti ọkọ mi ni mo rò pé ó ń lọ. Ìgbà tí a dé etí títì, Wòsílátù ti dúró síbẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá tó ń ta sánsán, ó lóun náà fẹ́ wá wòran. Nínú takisí, ta ni wọ́n fi síwájú? Òun. Kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Èmi wà lẹ́yìn láàárín obìnrin oníṣu kan àti apẹ̀rẹ̀ adìyẹ.

Ọ́tanétọ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin náà kó sílẹ̀ fún wa. Ọ̀kan tóbi bí orí màlúù, ó ń dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo nù ún. Èkejì jẹ́ ti Peugeot. Ẹ̀kẹta kékeré, ìdọ̀tí bò ó, ara Datsun ni wọ́n ti tú u.

“Bọ̀ọ̀dá Mùsílíù,” ni Wòsílátù wí, “ẹ ò ṣe mú èyí tó ń dán yìí?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ẹ̀rín yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo rí i kẹ́yìn.

Mo ní, “Wòsílátù, ọmọ dáadáa, ti lọ́rì nìyẹn. Bátìrì méjì ni lọ́rì ń lò, mọ́tò Pápá ń lo ẹyọ kan. Bí wọ́n bá gbé èyí sí i, gbogbo gílóòbù inú rẹ̀ ló máa fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àti pé níbo ló máa jókòó sí nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí agolo mílíìkì yẹn? Tàbí orí itan ìwọ?”

Ọkùnrin tó ń tajà fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Wòsílátù ní, “Ẹ ṣé, Ìyá mi, mi ò mọ̀ ni.” Ẹ wò ó! Kò tilẹ̀ bínú.

Ọkọ mi gbé ti Peugeot wò, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ohun tó ń díwọ̀n iná rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò sì sí níbẹ̀. Ó wá gbé kékeré onídọ̀tí yẹn. Ó fi ìka yí púlì rẹ̀, ó gbé e sétí. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò hó, kò ha. Ó wọn ojú púlì náà mọ́ bẹ́líìtì tó mú wá látara mọ́tò Pápá, ó sì bọ́ sí i dáadáa. Ohun tó ń díwọ̀n iná wà nínú ikùn rẹ̀, iná tó sì ń ṣe kò pọ̀ ju èyí tí wáyà àtijọ́ lè gbà lọ. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Èmi ló wò, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní, “Èyí ni.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo yọ̀. Mo yọ̀ títí a fi jáde síta, tí Wòsílátù fa áńkáṣíìfù funfun yọ tó bẹ̀rẹ̀ sí nu gíríìsì ní ìka ọkọ mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Ọkùnrin náà na ọwọ́ kalẹ̀ fún un. Kò sọ pé ó tó. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi ọṣẹ dúdú bó gíríìsì kúrò lára aṣọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Pápá Frederick fúnra rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ń ṣọ́ mọ́tò rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọkọ mi yọ dáínámò. Ó gé irin, ó lù ú, ó fi ṣe ìjókòó fún ọ́tanétọ̀, ó ń fi wọ́ṣà há a díẹ̀díẹ̀ títí púlì rẹ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì fi wà lórí ìlà kan, torí bẹ́líìtì tó bá wọ́ kì í pẹ́ já. Lẹ́yìn náà ó tú bátìrì, ó yí i padà.

Pápá sọ ìwé ìròyìn sílẹ̀. “Mùsílíù! Ò ń yí bátìrì mi sódì?”

“Pápá, òdì ló wà tẹ́lẹ̀.”

Òótọ́ ni. Irú mọ́tò òyìnbó àtijọ́ bẹ́ẹ̀, pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ irin ara mọ́tò. Ọ́tanétọ̀ yìí kò gba bẹ́ẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù ló fẹ́ lára irin. Bí ríwáyà bá gbàgbé láti yí i, kó tó ṣe Bìsìmílà tán, ọ́tanétọ̀ ti sun. Ta ló kọ́ mi? Òun náà ló kọ́ mi, nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ó wá ku wáyà. Gbogbo wọn pàdé nínú àpótí kékeré kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, aṣọ ni wọ́n fi wé wọn láyé ìgbà yẹn, epo àti eruku sì ti bo aṣọ náà. Ọkọ mi ń fi omi ọṣẹ nù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ké sí mi, mò ń dáhùn. “Kí ló wà nínú ìkòkò?” “Ata.” “Nísinsìnyí ńkọ́?” “Ata náà ni, èèyàn ò lè jẹ ata méjì bí?” Pápá ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi, mo tilẹ̀ gbàgbé ẹni tí mọ́tò náà fẹ́ lọ gbé.

Ibẹ̀ ni òróró ti tán nínú agbada mi. Ó ku wáyà mẹ́ta péré, àwọn tó ṣe pàtàkì jù. Inú àwọn mẹ́ta yẹn ni ẹ̀wà wà, èyí tó ń lọ tààrà sí bátìrì, òun sì ni wọ́n máa so mọ́ wáyà nínípọn tó ń bọ̀ láti ọ́tanétọ̀. Bó bá ṣì í so mọ́ ẹ̀fọ́ tàbí ata, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

“Máa lọ ra òróró rẹ,” ni ọkọ mi rọra wí. “Mi ò ní fọwọ́ kan àwọn tó kù títí wàá fi dé.”

Mo sáré lọ sí ọjà Òkè-Ajé. Ẹ mọ bí òróró ṣe wọ́n tó nígbà náà. Èrò ti tò sílẹ̀ lọ bí ejò, wọ́n ń ti ara wọn, mo tò títí oòrùn fi wọ̀ mí lágbárí. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí, tí mo ku díẹ̀ kí n dé, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. “Ìyá Ràmọ́tà! Ṣé o ti dé? Kí ló wà nínú ìkòkò?”

Mo ya ẹnu láti dáhùn. Ohùn mìíràn ló dáhùn.

“Ẹ̀wà ni!”

Mo dúró sójú kan. Wòsílátù ló tẹ̀ síbẹ̀, orí rẹ̀ àti orí ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ìka rẹ̀ wà lórí wáyà.

“Èyí ńkọ́?” ni ọkọ mi béèrè jẹ́jẹ́.

“Ẹ̀fọ́. Èyí tó wà níkángun, ata nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ sọ pé kí n ṣe sùúrù? Ó ti sọ fún un. Wọ́n jọ sùn lé e lórí ni, àbí inú takisí ló ti sọ ọ́, àbí ibi tó ti ń nu ìka rẹ̀? Kùránì Ọlọ́run! Kẹ́ẹ̀gì já bọ́ lórí mi, òróró tí mo tò fún ń ṣàn lọ sínú kọ́tà, mi ò bojú wò ó.

“Mùsílíù!”

Mi ò pe orúkọ rẹ̀ gbangba bẹ́ẹ̀ rí. Ó ta gìrì, ó forí gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ìwọ Mùsílíù, o sọ fún un! O gbọ́wọ́ lé Kùránì, o tún sọ fún un!”

“Kúbúrá, rọra. Kí ni mo sọ?”

“Pé o kì í dá àwọ̀ mọ̀! Pé pupa àti àwọ̀ ewé, ọ̀kan náà ni lójú rẹ! Èmi tí mo ti ń bá ọ wo wáyà láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, tí mo jókòó sínú èéfín nítorí kí aráyé má baà mọ̀ pé ríwáyà tó ń tún mọ́tò wọn ṣe kò mọ ata yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́! Ìwọ lo wá gbé e fún ọmọ àná yìí!”

Gbogbo ọ̀nà Ìbàdàn ló gbọ́. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì jọ̀wọ́ páǹpù rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ méjì tó ń jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ tí mo fi sílẹ̀ kò lè jẹ ẹnu mọ́. Pápá Frederick yọ awò ojú rẹ̀.

Wòsílátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ìyá mi, ojú wọn ṣe kí ni? Mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Láti ìgbà tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù níbí ni mo ti ń gbọ́ ata àti ẹ̀wà lẹ́nu yín. Mo rò pé bí àwọn ríwáyà ṣe ń pe àwọ̀ wáyà nìyẹn. Omi ni mo gbé wá fún wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè yín, mo kàn fi ṣeré dáhùn ni.”

Mo wo ọkọ mi. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀.

“Mi ò sọ fún un, Kúbúrá,” ló wí. “Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má ṣe dá mi lóhùn, mo mọ̀ ọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà, nínú òróró.

Ọkọ mi padà sídìí iṣẹ́. Kí ló tún kù tó máa ṣe? Ó so wáyà nínípọn mọ́ ẹ̀wà, ó so tínínrín mọ́ iná kékeré tó wà níwájú awakọ̀, ó fi téèpù wé e. Ó ní kí Pápá tan mọ́tò. Iná kékeré náà kọ́kọ́ pọ́n, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbéra báyìí, ó kú, àmì pé ọ́tanétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Pápá tan iná iwájú. Lójú ọ̀sán gangan, ó tàn yòò sára ògiri. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Mo ń retí pé kí Pápá bẹ̀rẹ̀ sí bú. Ó rìn yí mọ́tò ká, ó wo ibi tí wọ́n ti so wáyà, ó wá ní, “Àbúrò mi tó kú rí bẹ́ẹ̀ náà. Mùsílíù, ṣé nítorí èyí lo ṣe ń fara pamọ́ láti ọjọ́ yìí wá? Iṣẹ́ rẹ dára.” Ó wọlé, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mo ní kò burú, Pápá ti darúgbó ni, àánú ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú á ti gbọ́, kò sẹ́ni tó máa yà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n yà. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ló kọ́kọ́ wá fi í ṣẹ̀fẹ̀: “Ọ̀gá Ríwáyà, àwọ̀ wo ni ẹ̀wù mi?” Ọkọ mi ní, “Àwọ̀ ìdọ̀tí.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ó tán síbẹ̀. Awakọ̀ tó gbé mọ́tò wá, òun fúnra rẹ̀ ló ń nawọ́ sí wáyà: “Pupa rèé o, ọ̀gá. Àwọ̀ ewé lèyí tẹ́ ẹ dì mú.” Obìnrin tó ń kiri ọṣẹ kọjá, ó bá wọn dá sí i. Iṣẹ́ tí kì í parí tí mi ò bá sí nítòsí ń parí kí n tó dáná. Ọkọ mi ń súfèé. Ọkùnrin náà ń súfèé! Mi ò gbọ́ ọ kó súfèé rí.

Ó yẹ kínú mi dùn. Inú mi ò dùn. Mò ń jókòó nídìí agbada mi, mò ń dín, mò ń tà, kò sẹ́ni tó ké sí mi. Kò tiẹ̀ bínú sí mi, ká ní ó bínú, ó sàn. Ó ń jẹun mi, ó ń kí mi kú iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń tu ara mi nínú: mo ní irọ́ ló pa. Mo ní ó ti sọ fún Wòsílátù tẹ́lẹ̀, pé ọmọ náà ń fi ìkúnlẹ̀ bo àṣírí rẹ̀ ni. Bí mo bá ti rántí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ á tún lọ lọ́nà ọ̀fun mi díẹ̀.

Nígbà tó yá, ọjọ́ nìkáì pé. Lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, a rí iná mọ́tò Pápá láti ìpẹ̀kun àdúgbò, ó funfun, ó mọ́lẹ̀, gbogbo ọmọdé sáré pàdé rẹ̀. Wọ́n mú Wòsílátù sọ̀ kalẹ̀, aṣọ bo orí rẹ̀. Èmi ni ìyálé, èmi ni mo ni ẹnu ọ̀nà. Mo mú igbá omi, mo bẹ̀rẹ̀ láti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé, bí a ṣe ń ṣe. Àwọn obìnrin ilé ń kọrin, ariwo pọ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹnu sétí mi.

“Ìyá mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́ lójú mi. Mo ti bi Bọ̀ọ̀dá Mùsílíù léèrè rí pé ṣé wọ́n ti sọ gbogbo ohun tó wà nípa ara wọn fún mi. Wọ́n ní ó ku ẹyọ kan, pé àwọn ti fún ẹnì kan, kò sì sí lọ́wọ́ àwọn mọ́ láti fún mi. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jowú ẹni yẹn, Ìyá mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni.”

Igbá wà lọ́wọ́ mi. Ó ń wò mí láti abẹ́ aṣọ, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọdé, kò jowú mọ́. Kí ló tún kù lọ́wọ́ mi tó máa jowú? Mo ti pín in fún gbogbo ọ̀nà Ìbàdàn.

Mo da omi sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní kó wọlé.